Ìbọn Mi Àkọ́kọ́ àti Ọ̀ṣọ́ Tí Mo Kó Sí I Lára

Ẹ̀yin Kétu, ẹ̀yin Ṣábẹ, ẹ̀yin Àjàṣẹ́, ẹ̀yin Ìfẹ̀ tó wà ní Àtàkpàmé, mo kí gbogbo yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ̀ ń kọ síbí láìkọ nǹkan kan. Bí àmì ohùn mi kò bá pé, ẹ foríjì mí. Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi níwèé, Faransé náà ni mo sì fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti ọdún 19 sẹ́yìn. Yorùbá tí mo mọ̀ ọ́n kọ, ìgbà tí mo dàgbà ni mo fúnra mi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, bí mo bá fi Faransé sọ ọ́, kò ní jọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọdẹ ni bàbá mi. Ní abúlé wa lẹ́yìn Kétu, bí wọ́n bá dárúkọ ọdẹ mẹ́ta, wọn ò ní ṣàì dárúkọ rẹ̀. Ìbọn alẹ́nu kan ló ní, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Simplex, tí wọ́n ṣe ní Saint-Étienne ní ilẹ̀ Faransé. Kí ó tó ra ìyẹn, ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ rọ ló ń lò. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń bá a gbé àpò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yege ìdánwò, wọ́n mú mi lọ sí ìlú lọ gbé lọ́dọ̀ ẹbí, ibẹ̀ ni ọdẹ ṣíṣe ti parí fún mi. Bàbá mi sọ lọ́jọ́ náà pé, "Èyí ti di ọmọ ìwé." Kò fi sọ mí ní búburú. Ó ń yọ̀ ni. Ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn lẹ̀ mọ́ mi lára.

Nígbà tí bàbá kú, ní ọdún méje sẹ́yìn, ẹbí jókòó, wọ́n pín ohun tó fi sílẹ̀. Èmi ni àkọ́bí ọkùnrin. Wọ́n fún mi ní ilẹ̀, wọ́n fún mi ní àga rẹ̀, wọ́n ní kí n máa tọ́jú ìwé ilé. Nígbà tó kan ìbọn, wọn ò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Àbúrò mi tí a jọ jẹ́ ọmọ bàbá ni wọ́n gbé e fún. Òun ló bá bàbá re ìgbẹ́ títí dé òpin, òun ló tọ́ sí. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, mo sọkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kì í sì í ṣe nítorí òkú nìkan.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn. Nígbà tí mo pé ọdún 43, mo pinnu pé èmi náà máa ra ìbọn tèmi. Mo sọ fún ìyàwó mi pé nítorí ọ̀yà tó ń jẹ àgbàdo wa lóko ni. Òótọ́ ni pé ọ̀yà ń jẹ àgbàdo wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan, ìyàwó mi sì mọ̀.

Mo gba ìwé àṣẹ. Ìyẹn ṣe wàhálà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kà á, ẹ má ṣe ra ìbọn láìgbàwé. Mo dúró fún oṣù púpọ̀, mo lọ, mo bọ̀, mo sì gbà á. Lẹ́yìn náà ni mo ra ìbọn alẹ́nu kan, calibre 12, tí ẹnì kan ti lò ṣáájú mi, tí òòlù kékeré rẹ̀ wà lẹ́yìn níta, tí a máa ń fi àtàǹpàkò fà sẹ́yìn kí a tó yìn ín. Owó oṣù mẹ́ta ló gbà lọ́wọ́ mi.

Nítorí olùkọ́ ni mí, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo wá ìtumọ̀ 12 yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbé e kọ́ èjìká kò mọ̀ ọ́n. Bí a bá mú òjé ìwọ̀n pọ́n-ùn kan, tó jẹ́ bíi gíráàmù 454, tí a pín in sí ọ̀nà 12 ọgbọọgba, tí a wá rọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní róbótó bí òroǹbó, fífẹ̀ ọ̀kan nínú wọn ni fífẹ̀ ihò ìbọn náà. Ó máa ń jẹ́ bíi mílímítà 18 àti ààbọ̀. Ìdí nìyẹn tí ihò calibre 16 fi kéré sí ti 12: bí a bá pín òjé kan náà sí ọ̀nà 16, ọ̀kọ̀ọ̀kan á kéré sí i. Mo fi èyí ṣe ìṣirò fún àwọn ọmọ kíláàsì CM2 mi, láìsọ fún wọn pé ti ìbọn ni.

Ẹ ò rí i pé mo ti mọ nǹkan? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí ìbọn délé ni àìsàn ọ̀ṣọ́ mú mi. Ní alẹ́, tí àwọn ọmọ bá ti sùn, màá mú fóònù, màá máa wo àwọn òyìnbó ọdẹ, bí wọ́n ṣe ń kó oríṣiríṣi nǹkan sára ìbọn wọn. Mo mú ìwé kékeré, mo fa ìlà sí i bí ẹni tó fẹ́ kọ máàkì ọmọléèwé: orúkọ nǹkan, iṣẹ́ rẹ̀, iye rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni mo fi kó wọn jọ, ọ̀kan láti Kútọnù, ọ̀kan láti ọwọ́ ẹni tó ń lọ sí Nàìjíríà, ọ̀kan láti ọwọ́ olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Faransé.

Èkíní ni okùn ìgbékọ́, èyí tí a ń pè ní bretelle. Mo ra èyí tó fẹ̀, tó ní tìmùtìmù lábẹ́, tó gùn dáadáa. Èkejì ni rọ́bà tí a máa ń fi bọ ìdí ìbọn kí ó má baà ta èjìká. Ẹ̀kẹta ni aṣọ tó ń fà bí rọ́bà, tí a máa ń wọ̀ sí ìdí ìbọn, tó ní ilé fún ọta márùn-ún. Ẹ̀kẹrin ni iná tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń fi irin dè mọ́ ọ̀pá ìbọn. Ẹ̀karùn-ún, tó jẹ́ ọba wọn, ni lunette, awò tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni. Kò sí ibi tí wọn yóò dè é mọ́ lára ìbọn tèmi, mo sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ajórin, ó bá mi ṣe irin kan tí ó fi bọ́ọ̀tì dè sí òkè ọ̀pá náà.

Nígbà tí mo parí, mo gbé e sórí tábìlì, mo ya fọ́tò rẹ̀. Ó dára lójú mi. Ó dà bí ìbọn sójà nínú fíìmù.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo gbé e lọ han Bàbá Kékeré. Àbúrò bàbá mi ni, òun nìkan ló kù nínú àwọn ọdẹ àgbà ìdílé wa. Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé ìbọn sílẹ̀ níwájú wọn. Wọ́n wò ó fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ṣí i kí wọ́n rí i bóyá ọta wà nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé e sọ́wọ́ bí ẹni tó ń wọn ẹran. Wọ́n ní:

"Mẹ́tìrì, ṣé ẹ̀ ń lọ sógun ni?"

Bàbá Kékeré ń pè mí ní "ẹ" nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun kọ̀ọ̀kan fún wọn bí ẹni tó wà níwájú pátákó. Wọ́n gbọ́ tán, wọ́n ní, "Ó dáa." Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bínú díẹ̀. Mo rò pé wọ́n ń jowú ni.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ sí oko wa láti dán an wò. Mo gbé páálí sí ara òkìtì ọ̀gán, mo rìn jìnnà, mo gbé ojú mọ́ awò yẹn kí n lè ríran dáadáa, mo yìn ín. Ohun tí mo rántí ni pé nǹkan kan lù mí lójú bí ẹni fi òòlù lù mí. Ìbọn ta sẹ́yìn, etí awò náà sì gé mi ní òkè ìpéǹpéjú. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú mi. Nígbà tí mo nu ojú tán tí mo lọ wo páálí, kò sí ihò kankan lára rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, mo fi báńdéèjì sójú lọ sílé ìwé. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé ilẹ̀kùn ló gbá mi. Ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú ní, "Mẹ́tìrì, ilẹ̀kùn yín róbótó ni?" Àpá náà ṣì wà lójú mi dòní, ó tẹ̀ kọrọdọ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé.

Ó yẹ kí ìyẹn tó mi láti gbọ́n. Kò tó.

Ní oṣù December ọdún yẹn, ọyẹ́ ti dé, koríko ti gbẹ, Bàbá Kékeré ní kí n jẹ́ ká jọ lọ wo awó àti àparò ní ìhà oko wa. A jẹ́ mẹ́ta. Bàbá Kékeré ló ṣíwájú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tẹ̀lé wọn, ọmọ ọdún 16 ni, ó gbé àpò, gẹ́gẹ́ bí èmi náà ṣe ń gbé e nígbà kan. Èmi ni mo wà lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹ̀ṣẹ̀ mi bó ṣe rí, kí n má ṣe fi nǹkan kan bò. Ìbọn ti gbé ọta. Mo ti fa òòlù rẹ̀ sẹ́yìn, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé bí awó bá fò, màá pẹ́ jù kí n tó fà á, Bàbá Kékeré á sì wò mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìka mi wà nínú irin gàṣẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ ni mo fi gbé ìbọn náà, okùn gígùn tó ní tìmùtìmù yẹn sì ń fì sísàlẹ̀. Awò, iná àti ọta márùn-ún tó wà ní ìdí rẹ̀ ti mú kí ó wúwo, ọwọ́ ń ro mí, ẹnu ìbọn sì ti rọ̀ wálẹ̀ láìjẹ́ pé mo fura. Ibi tí ó rọ̀ sí ni ẹsẹ̀ ọmọ yẹn.

Kùkùté kan wà lójú ọ̀nà. Okùn náà kọ́ ọ. Mo rò pé koríko lásán ni, mo fà á. Ìbọn yí lọ́wọ́ mi. Ó bú.

Mi ò gbọ́ ohùn kankan lẹ́yìn ìró yẹn. Mo rí eruku. Mo rí ọmọ náà tó dúró, tí kò mira. Mo wo ilẹ̀. Bí ìbọn bá bú ní ìtòsí bẹ́ẹ̀, ọta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ kò tíì ráyè fọ́nká, gbogbo wọn á lọ pọ̀ bí òkúta kan ṣoṣo. Ihò kan wà nínú ilẹ̀, ìkúùkù mi lè wọ inú rẹ̀. Láti ihò náà dé gìgísẹ̀ ọmọ yẹn kò tó ẹsẹ̀ bàtà kan.

Mo ti rò pé Bàbá Kékeré á lù mí. Wọn ò lù mí, wọn ò pariwo. Wọ́n yíjú padà, wọ́n wo ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, bí ẹni tó ń wá nǹkan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti rí ẹfọ̀n, tó ti sùn nínú igbó fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Wọ́n na ọwọ́ sí mi, mo gbé ìbọn náà fún wọn. Wọ́n ṣí i, wọ́n yọ àpò ọta náà, wọ́n jù ú síná koríko tó ti kú. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

A rìn bíi wákàtí kan. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Nígbà tí a délé, wọ́n ní kí n gbé ìjókòó. Wọ́n mú ọ̀bẹ, wọ́n mú sípánà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìbọn náà. Bí wọ́n ṣe ń tú ohun kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń bi mí léèrè, ohùn wọn kò sì ga rárá.

Wọ́n gbé awò náà. "Ìbọn yìí, ibo ni ọta rẹ̀ ń dé?" Mo ní mo kà á pé ó dára títí dé bíi mítà 35, pé lẹ́yìn ìyẹn, ọta ti fọ́nká jù. "Ẹranko tó wà ní mítà 35, ṣé ojú rẹ kò rí i ni?" Mo ní mo rí i. Wọ́n gbé awò sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Wọ́n gbé iná. Wọ́n fi hàn mí pé irin tó dè é ti ha ọ̀pá ìbọn, ìpẹtà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ibẹ̀. Wọ́n ní, "Àwa fi iná ṣọdẹ nígbà kan. Bàbá rẹ fi àtùpà kábáìdì ṣe é. Mo mọ ẹni tó fi iná rí ojú méjì tó ń tàn, tó yìnbọn, tó wá jẹ́ ẹran ọ̀sìn aládùúgbò rẹ̀. Mo mọ èyí tó burú ju ìyẹn lọ." Òṣìṣẹ́ igbó ọba tí mo bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà sọ fún mi pé òfin kò fọwọ́ sí kí a máa fi iná dẹ ẹran lóru. Mo ti ra ohun tí òfin kò fẹ́, mo sì fi owó oṣù mi rà á.

Wọ́n gbé rọ́bà ìdí ìbọn. Mo rò pé èyí kò ní láìfí. Wọ́n ní kí n tẹ apá mi, kí n gbé ìdí ìbọn sí inú ìgbọ̀nwọ́ mi, kí n fi ìka wá gàṣẹ́ẹ̀tì. Ìka mi kò dé e dáadáa. Wọ́n yọ rọ́bà náà, wọ́n ní kí n tún ṣe é. Ìka mi bọ́ sí ibi tó yẹ kó bọ́ sí. Ìwọ̀n àwọn àgbà nìyẹn, àwọn tó ń ṣe ìbọn lókè òkun náà sì mọ̀ ọ́n. Rọ́bà yẹn ti fi bíi sẹ̀ǹtímítà méjì kún un. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gbé e sí èjìká kíákíá, tó fi ń há mọ́ aṣọ mi lábíyá. Mo ti rò pé mo ń tọ́jú èjìká mi ni.

Wọ́n yọ ilé ọta márùn-ún. "Ìbọn alẹ́nu kan, ta lo fẹ́ fi ọta márùn-ún lé? Fi sí àpò rẹ." Ìwọ̀n ọta kan jẹ́ bíi gíráàmù 45. Márùn-ún ju gíráàmù 200 lọ, sí ìdí ìbọn nìkan. Wọ́n tún wo àwọn ọta náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì yọ méjì sọ́tọ̀. Wọ́n ní kí n ka ohun tó wà lára wọn. 76 ni wọ́n kọ sára méjì yẹn. Ara ìbọn mi, 70 ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí. Nọ́ńbà yẹn jẹ́ gígùn ọta ní mílímítà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yìn ín, tí ẹnu rẹ̀ ti ṣí. Kí wọ́n tó yìn ín, ó kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ọta 76 lè wọ inú ìbọn 70, ìbọn á sì pa dé bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá bú, ẹnu rẹ̀ kò ní ráyè ṣí dáadáa, agbára inú rẹ̀ á ga ju ohun tí ọ̀pá lè gbà. Bàbá Kékeré kò mọ̀wé, wọn ò lè ka ju nọ́ńbà lọ. Èmi tí mo ka ìwé, tí mo ń kọ́ ọmọ ní mílímítà, mi ò wo nọ́ńbà náà rí.

Ó ku okùn. Mo rò pé wọ́n á sun ún. Wọ́n ní, "Èyí wúlò." Wọ́n ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ aránbàtà, kí ó gé e kúrú, kí ó yọ tìmùtìmù rẹ̀, kí ó sì fi ìkọ́ sí i kí n lè máa yọ ọ́ tí a bá wọ igbó dídí. Ojú ọ̀nà ni okùn wúlò fún, pẹ̀lú ìbọn tó ṣófo. Nínú igbó, àpò ni ó ń gbé.

Nígbà tí wọ́n parí, ìbọn náà wà ní ìhòòhò bí ọjọ́ tí mo rà á. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìwọ ò ní àkísà kankan, Mẹ́tìrì. Aṣọ nìkan lo ní."

Mi ò lè dáhùn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi, ìyá ọmọ yẹn. Ọmọ náà kò tíì sọ fún un. Ó ti sọ fún mi lójú ọ̀nà pé òun ò ní sọ, pé kí n má ṣe bẹ̀rù. Ẹ gbọ́ o: ọmọ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gé lẹ́sẹ̀ ló ń tù mí nínú. Mo kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n dìde, wọ́n lọ sí yàrá ibi tí ọmọ náà ń sùn, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ní, "Kí lò ń wá nínú igbó? Bàbá fún ọ ní ìwé. Ṣé ìwé yẹn kò tó ọ?"

Ìbéèrè yẹn le ju ìbọn lọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ kí wọ́n máa pe èmi náà ní ọmọ ọdẹ." Wọ́n sunkún, èmi náà sunkún. Wọ́n ní ọmọ àwọn kò ní bá mi re ìgbẹ́ mọ́. Mo ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Fún oṣù mẹ́ta, mi ò fọwọ́ kan ìbọn náà. Mo tì í mọ́nú àpótí, ọta rẹ̀ wà ní àpótí mìíràn, kọ́kọ́rọ́ wọn kò sí níbì kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣì ń tọ́jú rẹ̀ dòní.

Àbúrò mi ló wá bá mi. Ó ti gbọ́. Ó gbé ìbọn bàbá wa wá, ó ní kí n bá òun nù ún, nítorí ọwọ́ òun kò mọ́ bíi tèmi. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, ó fẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti pín ogún, ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ gbé ìbọn bàbá mi dání.

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Mo ti máa ń rò pé ìbọn bàbá mi kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Irọ́ ni. Ní ọrùn ìdí rẹ̀, níbi tí igi ti ya nígbà kan, bàbá mi fi wáyà bàbà wé e, ó sì fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ bò ó kí ó má baà yọ̀ lọ́wọ́ nígbà òjò. Ìlẹ̀kẹ̀ kékeré tó wà lórí ẹnu ìbọn, tí a fi ń wo ọ̀kánkán, ó kun ún ní funfun kí ojú lè rí i ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ó gé ìdí rẹ̀ kúrú díẹ̀, nítorí bàbá wa kò ga. Ó so awọ kékeré kan mọ́ ọn. Mo bi àbúrò mi pé kí ni ìyẹn wà fún. Ó ní nígbàkigbà tí ọta bá wà nínú ìbọn, bàbá máa ń so awọ yẹn mọ́ ọrùn ìdí ìbọn. Tí kò bá sí ọta, ó máa ń tú u sílẹ̀ kí ó máa fì. Ẹnikẹ́ni tó bá bá a rìn máa rí i láti òkèèrè.

Gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn, kò sí ọ̀kan tó ra lọ́jà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tó bí i: ọjọ́ tí igi ya, ọjọ́ tí òjò pa á, ọjọ́ tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ tó sì tàsé. Èmi kó oògùn jọ kí n tó ní àìsàn.

A jókòó, àbúrò mi àti èmi, a nu ìbọn méjèèjì pọ̀. Ọ̀pá ìnùbọn gígùn, aṣọ àkísà mímọ́, òróró díẹ̀. Ó kọ́ mi láti máa nu ihò ìbọn láti ẹ̀yìn lọ sí ẹnu, kí n sì máa wo ojú ọ̀run gba inú rẹ̀ kọjá kí n tó dè é padà. Òwú tàbí ẹrẹ̀ tó bá dí ẹnu ìbọn lè mú kí ọ̀pá bẹ́. Nínú gbogbo ohun tí mo rà, ọ̀pá ìnùbọn tí mi ò tíì rà nígbà náà ló yẹ kí n kọ́kọ́ rà.

Ìbọn tèmi lónìí, mẹ́rin péré ni mo fi sí i. Okùn kúkúrú tó ní ìkọ́. Funfun lórí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, ọ̀dà èékánná ìyàwó mi ni mo fi kùn ún, wọ́n sì ti fi mí ṣẹ̀fẹ̀ tó. Rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ ní ọrùn ìdí rẹ̀, nítorí ọwọ́ mi máa ń làágùn. Àti awọ kékeré, bíi ti bàbá mi. Àwọn ìyókù, mo tà wọ́n, àfi awò. Awò náà wà ní kíláàsì mi. Àwọn ọmọ fi ń wo ẹyẹ lórí igi, lẹ́yìn kíláàsì, inú wọn sì ń dùn.

Ní ọdún tó kọjá, mo bá Bàbá Kékeré jáde lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ṣí ìbọn mi sílẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, mo gbé e kọ́ apá. Awó kan fò níwájú mi. Mo ki ọta, mo gbé e sí èjìká, ó jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó délé. Ṣùgbọ́n abúlé àwọn Fúlàní wà lẹ́yìn ibi tí ẹyẹ náà gbà. Mi ò yìn ín. Mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo yọ ọta. Bàbá Kékeré kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí a délé, ìyàwó wọn bi wọ́n léèrè pé kí ni a rí pa. Wọ́n ní, "Àwa ọdẹ méjèèjì kò rí nǹkan kan pa lónìí."

Àwa ọdẹ méjèèjì. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn sùn.

Ẹ̀yin tó fẹ́ ra ìbọn àkọ́kọ́ yín, ohun tí mo lè sọ kò pọ̀. Ẹ gbàwé. Ẹ ka nọ́ńbà ara ìbọn, ẹ ka ti ara ọta. Ẹ ra ọ̀pá ìnùbọn ṣáájú ohunkóhun. Ẹ wọn ìdí ìbọn mọ́ ìgbọ̀nwọ́ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ lò ó ní ìhòòhò fún ọdún kan pẹ̀lú àgbà, kí ẹ jẹ́ kí ìbọn fúnra rẹ̀ sọ ohun tó ń fẹ́ fún yín.

Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ tó wà níbí, kí ni bàbá yín fi sára ìbọn tirẹ̀, kí sì ni ìdí rẹ̀? Mo fẹ́ kà á. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà á kà á. Ó ti pé ọdún 19 báyìí, ìyá rẹ̀ sì ti ní bí ó bá fẹ́ bá mi lọ, kí ó máa rìn lẹ́yìn mi, kì í ṣe níwájú.